Orúkọ Tí Buraimoh Pè Sínú Omi Fàdákà

Nínú ilé kan ní Glass, àdúgbò etí òkun kan ní Gabon, ohun tí ó bá kú kì í rùn. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní tí Buraimoh ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ni ó ti kíyè sí i. Eṣinṣin tí ń bà lé ẹja ní etí òkun, tí ń bà lé ojú ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kì í kọjá ẹnu ọ̀nà ilé náà. Èèrà a rìn dé etí àwo tí òkú òkété wà, a dúró bí ẹni tí ó gbọ́ ohùn, a sì yí padà sí ibi tí ó ti wá.

"Omi yẹn ni," ni Félix wí fún un, ó nawọ́ sí àwọn ìgò tí ó wà lórí pẹpẹ. Ọmọ ìlú Gabon ni Félix, òun ni akọ̀wé ilé náà, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. "Omi yẹn máa ń dá nǹkan dúró síbi tó bá bá a, Pápá. Ohun tó bá ti bọ́ sínú rẹ̀ kò ní jẹrà mọ́, kò sì ní dàgbà mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìyàwó yín wà ní ọmọge títí láé, ẹ rì í bọ̀ ọ́."

Buraimoh kò rẹ́rìn-ín. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìwé kẹta ni ó ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó ti gé igi nínú igbó Gabon títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀, kí ó tó rí iṣẹ́ yìí: kí ó máa dẹ pàkúté, kí ó máa di òkété mú, kí ó máa fọ ìgò, kí ó sì máa gbálẹ̀.

Ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà ni Dókítà Marcellin, òyìnbó Faransé kan tí ó gba yàrá méjì nínú ilé ìkẹ́rù àtijọ́ náà ní ọdún kejì tí Gabon gba òmìnira. Kíndìnrín òkété ni ó ń wò. Kì í ṣe ẹran rẹ̀ ni ó ń wá, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn okùn kan wà tí ó wọ inú kíndìnrín, tí ó tín-ín-rín ju òwú aláǹtakùn lọ. Àwọn ni ara fi ń gbọ́ ìrora, àwọn náà ni ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀. Ojú lásán kò lè rí wọn, àfi kí a pa wọ́n láró.

Báyìí ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọn a kọ́kọ́ rẹ kíndìnrín náà sínú omi tí kì í jẹ́ kí ó jẹrà. Wọn a gbé e sínú omi fàdákà, èyí tí wọ́n yọ́ fàdákà sí, wọn a tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọn a rì í sínú omi mìíràn tí ń pe àwọ̀ jáde. Wọn a fi ìda bò ó, ẹ̀rọ abẹ a rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ, wọn a tẹ́ ẹ sí àárín dígí méjì, dókítà a sì fi ojú sí awò rẹ̀ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Bí ó bá dára, okùn a dúdú, ẹran a sì mọ́ bí oyin.

Kò dára. Fún oṣù méje gbáko kò dára. Ohun gbogbo ń di àwọ̀ ẹrẹ̀. "Ooru ìlú yìí ni," ni dókítà ń wí. Lọ́jọ́ kejì a ní, "Omi ìlú yìí ni." Wọ́n ti kọ̀wé sí i láti ìlú rẹ̀ pé bí kò bá rí nǹkan kan fi hàn kí òjò tó tún dé, kí ó máa bọ̀ nílé.

Iṣẹ́ náà yé Buraimoh ju bí Félix ti rò lọ. Ọmọ aláró ni. Omi fàdákà ti pa ìka rẹ̀ dúdú, ọṣẹ kò sì lè ṣí i kúrò, bí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti rí ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, títí wọ́n fi sin ín.

Àìsàn ọmọ rẹ̀ ni ó mú un la ẹnu.

Sìkírátù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òun nìkan ni ó kù nínú ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí òjò dá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní òwúrọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi àgbo. Lábẹ́ ìhà rẹ̀ méjèèjì, ìrora kan wà tí ń mú un ká kò bí ewé tí iná rà, tí yóò fi eyín di ẹní mú kí àwọn ará ilé má bàa gbọ́ igbe rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kíndìnrín rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ má fi iyọ̀ sí oúnjẹ rẹ̀ mọ́.

"Iyọ̀!" ni Ọmọlará, ìyàwó Buraimoh, wí nígbà tí wọ́n padà dé yàrá onípákó wọn ní àdúgbò Venez-Voir. "Ọmọ ń kú lọ lójú mi, iyọ̀ ni wọ́n ń bá mi sọ! Bàbá Sìkírá, òyìnbó tiyín ńkọ́? Ṣebí kíndìnrín ló ń fi ojoojúmọ́ ayé wò?"

"Ti òkété ni."

"Ẹni tó mọ ti òkété, kò ní mọ ti ènìyàn? Ẹ bi í. Àbí dídákẹ́ yín yìí náà ni a ó fi sin ín?"

Ó bi í. Dókítà gbọ́ ọ jálẹ̀, ó bọ́ awòjú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dun òun, ṣùgbọ́n òun kì í wo àìsàn; ọ̀nà ni òun ń wò.

"Bí mo bá rí àwọn okùn yẹn kedere," ni ó wí, "a ó mọ ibi tí ìrora ń gbà. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà, yóò lè dí i lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí i, Buraimoh. Ìwọ náà mọ̀ pé n kò rí i."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Buraimoh gbé sùn, òun náà ni ó gbé jí.

Ní ọ̀sán ọjọ́rú kan, ibà dá dókítà dùbúlẹ̀ ní ilé rẹ̀. Félix lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Dókítà ti ránṣẹ́ pé ní aago méjì kí Buraimoh gbé kíndìnrín tuntun sínú omi fàdákà, kí ó sì ti kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbé e sínú rẹ̀. Ó ń wò ó bí ó ti ń rì lọ, ó kéré, ó sì rọ̀ bí ẹ̀wà tí ó ti mu omi. Ó mọ̀ pé ẹrẹ̀ ni yóò tún dà.

Ibẹ̀ ni ó ti rántí. Nígbà èwe rẹ̀, ọkùnrin kì í wọ ilé aró nígbà tí ìkòkò bá ti jí, tí aró inú rẹ̀ ti ń ru, ṣùgbọ́n ọmọdé a máa jókòó lẹ́yìn ẹní tí wọ́n fi ṣe ògiri. Ìgbà mìíràn aṣọ kan yóò kọ aró. Wọn a rì í lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, a sì máa jáde ní àbàwọ́n-àbàwọ́n. Ìyá rẹ̀ a lé gbogbo ènìyàn jáde, a kúnlẹ̀ sí ẹnu ìkòkò, a sì pe orúkọ kan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń jí olóorun. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, aṣọ náà a dúdú, a máa dán bí ẹ̀yìn ẹyẹ ìwò. Gbogbo ọjọ́ ayé Buraimoh ni ó fi gbà pé orúkọ ẹni tí ó ni aṣọ ni ìyá òun ń pè, kí aró lè mọ ẹni tí ó ń lọ bá.

Ó rò ó wò. Bí kíndìnrín yìí bá jẹ́ orúkọ Sìkírátù, ohun tí dókítà bá rí nínú rẹ̀, ti Sìkírátù ni. Yóò rí ọ̀nà ìrora náà. Yóò dí i.

Ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì. "Sìkírátù ọmọ Buraimoh," ni ó wí sínú ìgò náà. Ó tún un pè. Nígbà ẹ̀ẹ̀kẹta, ojú omi náà mì díẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan mí sí i láti ìsàlẹ̀. Ó ti kọ́bọ́ọ̀dù.

Nígbà tí ó délé, Ọmọlará pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìka sí ètè. "Ó ń sùn," ni ó sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Oorun gidi ni. Ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́kún lọ́sàn-án yìí, bí wọ́n ṣe lu aago méjì ní ilé ẹ̀kọ́ báyìí, ìrora náà fi í sílẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn gbé ọwọ́ kúrò. Bàbá Sìkírá, Ọlọ́run gbọ́ àdúrà wa."

Buraimoh fi iwájú orí kan ilẹ̀, ó dúpẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, dókítà tẹ ojú mọ́ awò, kò sì gbé e kúrò. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Félix fi fọwọ́ kàn án léjìká. Nígbà tí ó dìde, omijé wà lójú òyìnbó náà. "Ẹ wá wò ó," ni ó wí. Buraimoh tẹ ojú mọ́ ọn. Ó rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ oyin, àti nínú rẹ̀ àwọn okùn dúdú tí ó yà, tí ó tún yà, bí igi tí ó ti wọ́wé tán nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n so mọ́ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ bí ọmọ tí ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ọ̀kan nínú wọn fà, ó sì tún dẹ̀.

Ó gbé ojú kúrò kíákíá. Dókítà a máa sọ pé ohun tí ó ti kú kì í fà.

Dókítà dán an wò fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹrẹ̀ ni ó rí. Láti ìgbà náà ni ó ti fi omi fàdákà lé Buraimoh lọ́wọ́. "Ọwọ́ rẹ ló mọ̀ ọ́n," ni ó wí.

"Pápá," ni Félix wí, ó fara ti ilẹ̀kùn, "kí lẹ máa ń sọ fún omi yẹn gan-an? Mo rí i tí ètè yín ń mì. Ṣé ẹ ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́ ni?"

"Àdúrà ni."

"Ẹ gba tèmi náà mọ́ ọn, kí ìyá ìyàwó mi padà sí abúlé rẹ̀."

Kíndìnrín mẹ́sàn-án ni Buraimoh pe orúkọ Sìkírátù sí, nítorí ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá ṣíwọ́, ìrora yóò padà. Dígí tí wọ́n rí nínú wọn lé ní irínwó.

Ọmọlará ni ó kọ́kọ́ rí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó fa Sìkírátù sí àárín itan rẹ̀ láti tú irun rẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró.

"Bàbá Sìkírá, ẹ wá wo irun yìí. Ṣáájú kí ìrora tó lọ ni mo ti dì í. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ wo ìdí rẹ̀."

Ó wò ó. Ojú ìlà irun náà mọ́ fínnífínní bí ìgbà tí òòyà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbẹ̀. Irun kò hù sí i. Èékánná rẹ̀ náà rí bákan náà. Wíwú ojú rẹ̀ kò dín, kò sì pọ̀ sí i. Ọmọ náà ń jẹun bí wọ́n bá fi fún un, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí kò ti sọ pé ebi ń pa òun. Ẹ̀fọn kì í bà lé e.

"Ní ìjẹta," ni Ọmọlará wí, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀, "ẹyín iná jábọ́ láti inú àdògán. Ọwọ́ lásán ló fi mú un padà síbẹ̀. Kò yára. Bí ènìyàn ṣe ń mú òkúta ni. Àti òórùn rẹ̀... ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Òórùn yín ni, nígbà tí ẹ bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀."

Sìkírátù gbé orí sókè. "Bàbá," ni ó wí, "ta ni ó ń wò mí?"

"Kò sẹ́ni tó ń wò ọ́, ọmọ mi."

"Kì í ṣe òní. Lójoojúmọ́ tí ẹ bá lọ síbi iṣẹ́ ni. Ojú ńlá kan ṣoṣo ni. Iná kan a máa tàn lẹ́yìn mi, ojú náà a sì dé. N kì í lè yíjú."

Ọmọlará ní láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, a sinmi ní ọ̀sán, a tún bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta. Òun ti rò pé ibà ni. Buraimoh mọ àwọn wákàtí náà. Òun ni ó ń nu awò sílẹ̀ de dókítà.

Ní Venez-Voir kan náà, ìyá àgbà kan wà, Yorùbá Nàgó láti Kétu, tí wọ́n ń pè ní Màmá Célestine. Ó ti pa aṣọ láró títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Buraimoh gbé ọmọ náà lọ bá a ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ó sì rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá náà gba ọwọ́ Sìkírátù, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rọra gbé e padà sórí itan ọmọ náà.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyá mi ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, Màmá."

"O gbọ́. O kò wọlé. Orúkọ ta lo rò pé ó ń pè?"

"Ẹni tó ni aṣọ."

Ìyá náà mi orí fún ìgbà pípẹ́. "Orúkọ òkú ni. Òkú tí kò lo ara mọ́. À ń bẹ̀ ẹ́ kó wá bá wa di àwọ̀ mú kó má ṣá. Òkú a wá, a jókòó sínú aṣọ, kò ni ín lára, nítorí kò níbi tó ń lọ. Àwọn obìnrin ilé aró nìkan ló mọ̀ ọ́n, a kì í sì í sọ ọ́ síta, kí ẹni tó ń rà á má bàa sá. Ìwọ wá lọ pe alààyè."

"Màmá, kí ni mo máa ṣe tí yóò fi jáde?"

"Aṣọ máa ń gbó, ọmọ mi. Ọdún méje, ọdún mẹ́wàá, a fàya fúnra rẹ̀, ẹni tí a pè a sì lọ lálàáfíà. Ṣùgbọ́n má fi ọwọ́ fà á ya o! Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni yóò bá a ya. Irú aṣọ wo lo pè é sí?"

"Dígí ni, Màmá. Àárín dígí méjì. Wọ́n fi oje igi lẹ̀ ẹ́ pa."

Rédíò ń kọrin ní ilé kejì. "Dígí," ni ìyá náà wí. Ó sì bi í léèrè bí ẹni tí kò mọ̀ lóòótọ́: "Ṣé dígí a máa gbó?"

Buraimoh rántí ohun tí dókítà wí fún Félix: pé àwọn dígí wọ̀nyí yóò wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá àpótí pákó mẹ́rin lórí tábìlì ní Glass. Dókítà ń di ẹrù. Ọkọ̀ òkun yóò gbéra lọ́sàn-án.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó wọn lọ."

"Iṣẹ́ ti parí, Buraimoh. Iṣẹ́ tí ó dára ni."

"Ọmọ mi wà nínú wọn."

Dókítà yíjú sí Félix. Félix, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ń wo ilẹ̀. "Ó ní ọmọ òun wà nínú wọn, Mesié."

"Ó ti rẹ̀ ẹ́," ni dókítà wí jẹ́jẹ́. "Ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn." Ó ṣí àpótí kan, ó yọ dígí kan tí ó dára jù lọ, ó fi òwú wé e, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ Buraimoh lọ́wọ́. "Tìrẹ ni. Ìwọ ni ó ṣe é."

Buraimoh wo àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọwọ́ rẹ̀ nà jáde. Bí ó bá tì wọ́n, wọn yóò ṣubú, wọn yóò fọ́ túútúú, ọ̀rọ̀ yóò sì parí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni yóò bá a ya. Ó rántí ọ̀rọ̀ Màmá Célestine yìí, ọwọ́ rẹ̀ sì wálẹ̀. Nígbà tí àwọn alágbàṣe dé láti gbé ẹrù, ó dá wọn dúró. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé wọn lọ sí èbúté, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ti kọ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí yóò gbé wọn jẹ́jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì àti àbọ̀ ni Sìkírátù fi ń mì lórí ẹní, sí ọ̀tún, sí òsì, bí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó dúró jẹ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, Félix mú lẹ́tà kan wá sí Venez-Voir, ó sì kà á fún wọn lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà kí Buraimoh. Ó ní gbogbo ènìyàn ni ó ń yin iṣẹ́ náà. Ó ní wọ́n ti pín àwọn dígí náà fún ilé ẹ̀kọ́ méje, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wò wọ́n lójoojúmọ́. Ó béèrè àlàáfíà ọmọ rẹ̀.

Félix ká lẹ́tà náà. Ó yọjú wo inú yàrá, ó rí ọmọ náà, irun rẹ̀ ní dídì bí ó ti wà. Ó ti ń lọ kí wọ́n tó sọ pé kí ó jókòó.

"Nígbà tí èmi àti ẹ̀yin bá kú, tí òun ṣì wà báyìí," ni Ọmọlará wí lẹ́yìn tí ó lọ tán, kò sì gbé ojú sókè, "ta ni yóò máa fún un lómi?"

Buraimoh wọlé, ó tú òwú kúrò lára dígí tirẹ̀, ó padà sí ẹnu ọ̀nà, ó sì gbé e sókè sí oòrùn. Ó di ojú kan. Ohun tí ó rí kò ju ẹyọ gààrí kan lọ, ó pọ́n díẹ̀. Kò rí okùn kankan. Síbẹ̀ ó ń wò ó, ó ń wò ó, títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, nínú yàrá, Sìkírátù gbé orí sókè.

"Bàbá, ṣé ẹ wà láàárín wọn?"

"Mo wà níbẹ̀, ọmọ mi. Èmi náà ń wò ọ́."

Ọmọ náà wá a. Ó yí ojú rẹ̀ lọ láti igun ògiri kan dé èkejì, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tí ń wá ojú kan nínú ọ̀pọ̀ èrò.

"Wọ́n mà pọ̀ o," ni ó wí. "Bàbá, èwo ni ẹ̀yin nínú wọn?"